Owó Windows tuntun: ta ni ó yẹ kí ó san án?

Àgbẹ̀ tí ó bá ra ọkọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ní Ìdáàṣà ti ra ọkọ́ náà tán. Bí ẹnu rẹ̀ bá kújú, yóò gbé e padà lọ sí ilé alágbẹ̀dẹ kí wọ́n bá a pọ́n ọn, yóò sì san owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo òkè mọ́kànlélógójì tí a fi ń mọ ìlú náà, kò sí alágbẹ̀dẹ kan tí yóò dìde lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kí ó sọ fún àgbẹ̀ pé: «Ọkọ́ rẹ ṣì mú, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ ti parí. Lọ ra òmíràn.»

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wo obìnrin kan tí ó ní ìsọ̀ kékeré lẹ́bàá oríta Ìdáàṣà, níbi tí ọ̀nà Savalou ti yà kúrò lára ọ̀nà tí ó ti Kútọnu lọ sí Paraku. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé: ìwé tí a fi ń wá iṣẹ́, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, ìwé àdéhùn ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ àlòkù tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù. Ẹ̀rọ náà kò yọ ọ́ lẹ́nu rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó tan ẹ̀rọ náà, ó sì rí ọ̀rọ̀ kan lójú rẹ̀ pé àkókò Windows 10 ti parí. Ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ ra Windows 11. Ẹlòmíràn ní kí ó sọ ẹ̀rọ náà nù. Obìnrin náà wo àpò rẹ̀, ó tún wo ẹ̀rọ tí ó fi ń jẹun. Kí ni ó yẹ kí ó ṣe?

Ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí lè sanwó fún ohun ọ̀fẹ́. Ó lè sanwó fún ohun tí kò ní wúlò fún un. Ó sì lè sọ ẹ̀rọ tí ó dára nù.

Owó tí a ti san tẹ́lẹ̀

Windows ni ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń gbọ́ ohun tí ọwọ́ wa bá tẹ̀, òun ni ó ń ṣí ìwé, òun ni ó ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Láìsí ètò adarí, kọ̀ǹpútà dà bí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Ilé iṣẹ́ Microsoft, ní Amẹ́ríkà, ni ó ni Windows. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, bí HP, Dell àti Lenovo, ni wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ṣe ẹ̀rọ tuntun, ó ń san owó Windows fún Microsoft, ó sì ń fi owó náà kún iye tí yóò ta ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ náà ti san owó Windows, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Àṣẹ láti lo Windows yìí so mọ́ ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde ní ọdún 2012, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ti ń kọ nọ́ńbà àṣẹ náà sínú ẹ̀rọ gan-an. Bí wọ́n bá ta ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn, àṣẹ náà ń bá a lọ.

Ohun àkọ́kọ́ nìyí tí ó yẹ kí obìnrin oríta náà mọ̀: bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ta pẹ̀lú Windows ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ti san owó náà ní Yúróòpù kí ó tó dé Ìdáàṣà.

Ohun tí ó parí ní ọdún 2025

Windows 10 jáde ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 2015. Windows 11 tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 2021. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kú lọ́jọ́ náà. Ó ń tàn, ó ń tẹ ìwé, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bíi ti àná. Ohun tí ó dúró ni àtúnṣe ààbò. Gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ló ní ihò tí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ kò rí. Nígbà tí wọ́n bá rí ihò kan, wọn a fi àtúnṣe ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti dí i. Láti ọjọ́ tí ìtọ́jú ti parí, olè lè rí ihò tuntun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wá dí i.

Ewu yìí kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, ọdún 2017, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry tàn káyé láàárín wákàtí díẹ̀. Ó ń ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó kí ó tó ṣí i. Ó wọ àwọn ilé ìwòsàn Bìrìtìkó, débi pé wọ́n ní láti dá àwọn aláìsàn padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tí ó dí ihò náà jáde ní oṣù kẹta ọdún yẹn, oṣù méjì ṣáájú. Àwọn tí wọn kò tíì gba àtúnṣe náà, àti àwọn tí ètò wọn ti gbó ju èyí tí a ń tọ́jú lọ, ni kòkòrò náà rí mú.

Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà. Bí obìnrin oríta bá pàdánù ìwé àwọn oníbàárà rẹ̀, tàbí bí ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ kan bá bọ́ sọ́wọ́ olè, àdánù gidi ni. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn sanwó láìbéèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ọ̀fẹ́ ni, tàbí kò ṣe é rà

Ní ọjà Microsoft fúnra rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, iye Windows 11 tí a ń lò nílé jẹ́ 139 dọ́là. Bí a bá ka dọ́là kan sí 560 fránkì, ó sún mọ́ 78.000 fránkì. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí láti ọdún 2023 jẹ́ 52.000 fránkì. Windows kan ju iṣẹ́ oṣù kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn: ẹni tí ó ti ní Windows 10 tí ó ní àṣẹ kò nílò láti san owó yìí. Ọ̀nà méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà ní.

Ọ̀nà kìíní: ẹ̀rọ náà lè gba Windows 11. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni Microsoft fi ń pààrọ̀ Windows 10 sí 11. Kí onítọ̀hún ṣí «Paramètres», kí ó lọ sí «Windows Update», yóò rí i bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò ná a ni íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ètò náà tóbi púpọ̀, àti owó iṣẹ́ ẹni tí ó bá bá a ṣe é. Owó iṣẹ́ tọ́ sí oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ pe owó iṣẹ́ ní owó iṣẹ́, kí ó má pè é ní owó Windows.

Ọ̀nà kejì: ẹ̀rọ náà kò lè gba Windows 11. Microsoft béèrè pé kí ẹ̀rọ ní ègé kékeré kan tí ń pa àṣírí mọ́, tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, kí ọpọlọ ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ti àìpẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni kò yege. Bí ẹ̀rọ kò bá yege, kò sí owó tí a lè san fún Microsoft tí yóò mú un yege. Àwọn kan mọ ọgbọ́n tí a fi ń fi ipá gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ pé òun kò ṣèlérí àtúnṣe ààbò fún un. Ẹni tí ó bá sanwó fún ọgbọ́n yẹn lè pàdánù ohun kan ṣoṣo tí ó torí rẹ̀ sanwó.

Ẹ̀rọ kan náà, owó méjì

Ọ̀nà kan wà láàárín. Microsoft ń fún Windows 10 ní àfikún ààbò ọdún kan, títí di oṣù kẹwàá ọdún 2026. Iye rẹ̀ fún ẹni tí ń lo ẹ̀rọ nílé jẹ́ 30 dọ́là, èyí tí í ṣe 16.800 fránkì. Bí obìnrin oríta bá ń gba 100 fránkì lórí ojú ìwé kan, yóò tẹ ojú ìwé 168 kí ó tó rí i, láì tíì san owó iná tàbí owó ìsọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft tí ó sì gbà kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa fi ẹ̀dà ètò rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Kò ná owó, ṣùgbọ́n ó ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fi ohun tí í ṣe ti ènìyàn sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn.

Fún ilé iṣẹ́, owó náà wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: 61 dọ́là lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ọdún kìíní, 122 ní ọdún kejì, 244 ní ọdún kẹta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 427 dọ́là, ó ju 239.000 fránkì lọ lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Fún ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní àdéhùn pẹ̀lú Microsoft, ó jẹ́ dọ́là 1, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 4. Ó yẹ kí àwọn olùdarí ilé ẹ̀kọ́ mọ èyí kí wọ́n tó gba iye tí ẹnikẹ́ni bá pè fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun ni nì yí. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, àwọn ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà kò gba irú àdéhùn yìí. Wọ́n kọ̀wé sí Microsoft. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ilé iṣẹ́ náà yí ohùn padà: ó ní àwọn ará àgbègbè ọrọ̀-ajé Yúróòpù yóò gba ààbò ọdún kan náà láìsan kọ́bọ̀, a kò sì ní fi dandan mú wọn láti kó ẹ̀dà ètò wọn pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n ṣáà ti forúkọ wọlé.

Ẹ rò ó wò. Ẹ̀rọ tí ó wà ní Lyon ń gba ààbò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ kan náà, tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe, tí a sì ti san owó Windows rẹ̀ ní Lyon, bí wọ́n bá kó o sínú ọkọ̀ ojú omi tí ó sì gúnlẹ̀ sí Kútọnu, ó di ẹ̀rọ tí a ń béèrè owó tàbí ìpààrọ̀ lórí rẹ̀. Ihò tí a fẹ́ dí kò yàtọ̀. Àtúnṣe tí a fi ń dí i kò yàtọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn kan sọ̀rọ̀, àwọn kan kò sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá ń gbèjà ilé iṣẹ́ náà yóò sọ pé iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́, pé Microsoft tọ́jú Windows 10 fún ọdún mẹ́wàá, pé kò sí oníṣòwò tí ń tọ́jú ọjà rẹ̀ títí ayé. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí ń dí ihò ń gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n ìdáhùn méjì wà. Ìkíní, a ti ń ṣe àtúnṣe náà ná fún àwọn tí wọ́n ń sanwó àti fún Yúróòpù; fífi í ránṣẹ́ sí Ìdáàṣà kò béèrè pé kí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ìkejì, ọdún mẹ́wàá náà kì í ṣe ọdún mẹ́wàá fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rọ tí ó di àlòkù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ti ná púpọ̀ nínú ọdún rẹ̀ níbòmíràn.

Ètò tí a kì í rà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ni ó ń ta ètò tuntun. Apple ti ń fi ètò tuntun fún àwọn tí ó ra ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ Apple fúnra rẹ̀ wọ́n. Linux sì wà, tí ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Ẹnikẹ́ni lè gba Linux, kí ó lò ó, kí ó sì fún ẹlòmíràn, láìsan owó àṣẹ. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni Ubuntu, tí ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan, Mark Shuttleworth, dá sílẹ̀ ní ọdún 2004. Orúkọ náà wá láti èdè àwọn ènìyàn gúúsù Áfíríkà. Ó jẹ mọ́ ìwà ọmọlúàbí, pé ènìyàn ni aṣọ ènìyàn.

Kì í ṣe ohun ìṣeré àwọn ọmọdé. Àwọn ọlọ́pàá Gendarmerie ilẹ̀ Faransé ti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà wọn sórí Ubuntu. Bí orílẹ̀-èdè tí ó ní owó bá lè fi Linux kọ ìwé ẹ̀sùn, obìnrin oríta lè fi í tẹ ìwé ìpàdé. Ẹ̀rọ tí Windows 11 kọ̀ sílẹ̀ sábà máa ń gba Linux dáadáa, ètò LibreOffice tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ sì ń ṣí ìwé tí a fi Word kọ.

Kí a má purọ́ fún ara wa, Linux náà ní owó tirẹ̀. Owó náà ni àkókò tí a ó fi kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ kò jọ ohun tí ọwọ́ ti mọ́. Àwọn ètò ìṣirò owó kan kò ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mìíràn sì lè ṣe agídí. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ́ kì í parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Àgbàlagbà tí ó ti kọ́ láti mọ A yàtọ̀ sí Ẹ lẹ́yìn ogójì ọdún kò ní kùnà láti mọ ibi tí bọ́tìnì tuntun wà.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó tọwọ́ bọ àpò. Ǹjẹ́ Windows tí ó wà lórí ẹ̀rọ yìí ní àṣẹ? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí lè gba Windows 11? Owó tí wọ́n ń béèrè yìí, ṣé owó iṣẹ́ ni àbí owó Windows? Lẹ́yìn èyí, kí ó kọ́kọ́ da gbogbo ìwé rẹ̀ kọ sórí clé USB tàbí ohun ìpamọ́ mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àlòkù ní láti wò ju ìdọ̀tí ara ẹ̀rọ àti iye owó rẹ̀ lọ. Kí ó béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀rọ tí kò wọ́n lónìí lè jẹ́ ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn sá fún.

Ilé ìjọba ìbílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti àwọn ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní ojúṣe tí ó ju èyí lọ, nítorí owó gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń ná. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nígbà tí Windows XP parí ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ìjọba Bìrìtìkó kò tíì ṣe tán. Ó san ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ fún Microsoft kí ó lè rí ààbò ọdún kan gbà. Bẹ̀nẹ̀ kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ láti fi ra ọdún kan. Kí ìwé tí wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ máa sọ ọdún tí ìtọ́jú ètò náà yóò parí. Kí wọ́n sì dán Linux wò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ kí wọ́n tó kó o dà sínú yàrá ẹrù.

Ohun tí ó kù kọjá agbára ènìyàn kan tàbí ìlú kan. Bẹ̀nẹ̀ ní ìwé òfin Code du numérique láti ọdún 2018. Ó tún wà nínú ẹgbẹ́ CEDEAO pẹ̀lú àwọn kan nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ohun tí Yúróòpù rí gbà kò ti ọ̀run bọ́. Àwọn ènìyàn ni wọ́n béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà béèrè kí ẹ̀rọ tí ó bá ní ààbò ọ̀fẹ́ ní ibi tí wọ́n ti kó o wá má ṣe pàdánù rẹ̀ ní ibi tí wọ́n kó o dé.

Kí wọ́n tó béèrè bẹ́ẹ̀, obìnrin oríta ní iṣẹ́ láti ṣe ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò ní sọ ọ́ nù, kò sì ní gbé 78.000 fránkì fún ẹnikẹ́ni. Yóò da ìwé rẹ̀ kọ, yóò ṣí «Paramètres», yóò fi ojú ara rẹ̀ ka ohun tí a kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò pinnu. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ìwé: kí ẹnikẹ́ni má baà ta ohun tí í ṣe tiwa fún wa lẹ́ẹ̀kejì.